Ẹkún Tomasa lórí Òkúta Mọ́kànlá

Ọdún tí wọ́n tẹ ọ̀tẹ̀ ńlá orí òkè Áńdíìsì rì, tí wọ́n sì gbé orí àwọn aṣáájú rẹ̀ kọ́ sí ẹnubodè láti ìlú dé ìlú, ni àṣẹ kan jáde láti ọwọ́ àwọn aṣojú ọba Sípéènì. Ìbọn kọ́ ni wọ́n fi gbé e dé ìlú Wankapata. Ìwé ni, fadá sì kà á lẹ́yìn ìsìn bí ẹni ń kéde ìgbéyàwó. Àṣẹ náà ní láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ ilẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ wọ aṣọ àwọn ọba àtijọ́ mọ́, kò gbọdọ̀ ya àwòrán wọn sára ògiri, kò sì gbọdọ̀ ṣe eré tó ń rántí wọn. Eré! Àwọn tó ní ìbọn, tí wọ́n ní ẹṣin, tí wọ́n ní túbú àti okùn, eré ni wọ́n ń bẹ̀rù. Àwọn ará Wankapata jókòó sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń wojú ara wọn, nítorí gbogbo wọn ló mọ ohun tí fadá kò mọ̀: ìlú tí wọ́n bá gba eré yìí lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré ọmọdé là ń sọ. Láyé ìgbà tí àwọn Inka, àwọn ọba tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Oòrùn, ń ṣàkóso láti etí òkun títí dé ẹ̀bá igbó kìjikìji, bí ọba bá ti ogun dé, àwọn ìbátan rẹ̀ a bọ́ sí ojúde, wọn a ṣe ogun náà lójú gbogbo èèyàn bó ṣe lọ gan-an, àti ẹni tó dúró àti ẹni tó sá. Bí ọba bá wàjà, wọn a gbé ohun ìjà rẹ̀ kiri gbogbo ibi tó ti jà, wọn a máa sọ ọ́, wọn a máa ṣe é, àwọn obìnrin a sì máa sunkún tẹ̀ lé wọn. Àwọn èèyàn yìí kì í kọ̀wé. Okùn oníkókó ni wọ́n fi ń ṣírò nǹkan, eré ni wọ́n sì fi ń rántí. Ohun tí wọ́n bá ti ṣe ní ojúde tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn fojú rí, kò sí ẹni tó tún ń bi wọ́n léèrè ìwé.

Ti Wankapata báyìí, Inka kan ló fún balógun rẹ̀, Waman Akuya, ní ilẹ̀ ìjẹko tó wà láàárín odò méjì, torí pé ó bá a ṣẹ́gun. Waman Akuya ri òkúta mọ́kànlá mọ́lẹ̀, ọ̀kan láàárín, mẹ́wàá yí ilẹ̀ náà ká, ó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ, ó sì tẹ ìlú dó sí àárín wọn. Nígbà tí àwọn ará Sípéènì wá dé, tí wọ́n pa ọba, tí gbogbo nǹkan dàrú, àwọn ọmọ Waman Akuya lẹ ìtàn ilẹ̀ wọn mọ́ ìtàn ikú ọba, ó di eré ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kìíní, Inka yóò wọ̀lú. Lọ́jọ́ kejì, yóò dá ẹjọ́, yóò sì fi oúnjẹ bọ́ àwọn arúgbó. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn àlejò onírùngbọ̀n yóò dé láti pa á. Kí ó tó kú, yóò dìde lórí àga rẹ̀, yóò pe òkúta mọ́kànlá lórúkọ níkọ̀ọ̀kan, yóò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí wọn nípò. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin yóò sunkún rẹ̀, eré yóò sì parí. Òfin wọn ni pé òkúta tí ẹnikẹ́ni kò bá pè ní ojúde láàárín ọdún kan ti di òkúta lásán. Ẹni tó bá wù lè gbé e. Igba ọdún ó lé ni wọ́n fi ń pè wọ́n, wọn kò fo ọdún kan.

Ajẹ́lẹ̀ tí ọba Sípéènì fi ṣe olórí agbègbè náà, Don Baltasar, mọ èyí dáadáa. Ó ní ẹgbẹ̀rún àgùntàn, ilẹ̀ rẹ̀ sì bá ti Wankapata pààlà ní ìsàlẹ̀ odò. Òun kọ́ ló ṣe òfin tó de eré, ká má parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí òfin náà dùn mọ́ nínú tó o.

Ní ìlú yìí ni Tomasa wà. Tomasa ọmọ Sulka, ahunṣọ bí aláǹtakùn, agbọ́mọpọ̀n gun òkè, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn! Opó ni, ó ti lé ní ogójì ọdún, òun sì ni olórí àwọn obìnrin ẹlẹ́kún. Ìyá rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀, ó fi ọmọ kan sílẹ̀, Anselmu. Tomasa ló gbé ọmọ náà pọ̀n láàárín agbo lama, ẹran onírun tí wọ́n ń sìn, òun ló jẹ ànàmọ́ lẹ́nu fún un títí eyín fi hù lẹ́nu rẹ̀, òun náà ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ Inka nídìí òfì, ìlà kan sí ìkejì, nítorí ìdílé wọn ló ni ipò ọba nínú eré náà. Obìnrin kò gbọdọ̀ pe òkúta ní ojúde. Àmọ́ ta ló lè dí obìnrin létí nínú ilé ara rẹ̀?

Ohun tó ń bà á nínú jẹ́, tó sì tún ń pa á lẹ́rìn-ín lọ́dọọdún, ni èèwọ̀ wajawaja. Òwú pupa ni wajawaja yìí, tí wọ́n so mọ́ ọ̀já kan, tó máa ń fì ní iwájú orí ẹni tó bá ń ṣe Inka. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti dè é, onítọ̀hún kì í ṣe Anselmu mọ́. Kò gbọdọ̀ tẹríba fún ẹnikẹ́ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Òun náà kò sì gbọdọ̀ tú u títí àwọn obìnrin yóò fi sunkún rẹ̀, nítorí ẹkún yẹn ló ń pa ọba, tó sì ń dá ọmọkùnrin náà padà fún àwọn èèyàn rẹ̀.

Nígbà tí àkókò eré tó lọ́dún náà, àwọn àgbà pàdé nílé Bàbá Nolasko, ẹni tí okùn oníkókó ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìròyìn ti dé pé Don Baltasar wà ní ìlú ńlá fún ọjà ẹṣin, kò ní padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àwọn àgbà ní ó dáa, àwọn yóò ṣe eré náà. Tomasa, tí ẹnikẹ́ni kò pè, wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ yára ṣe é," ló wí. "Kí Inka wọ̀lú láàárọ̀, kó pe òkúta lọ́sàn-án, ká sunkún, kí oníkálùkù máa lọ sílé rẹ̀. Kí la fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe nígbà tí ìbọn ń bọ̀?"

Bàbá Nolasko wò ó bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. "Tomasa, ọjọ́ mẹ́ta ni Inka fi wọ̀lú."

"Inka kò sí mọ́, Bàbá. Baltasar ló wà."

"Ìyẹn gan-an ló fi gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta. Bí a bá gé e kúrú, irọ́ la pa. Lọ sídìí òfì ẹ."

Bó ṣe jẹ́ nìyẹn. Wọ́n bẹ̀rù kí wọ́n má ba eré jẹ́ ju bí wọ́n ṣe bẹ̀rù ẹni tó fẹ́ pa wọ́n lọ. Èèyàn lè bínú sí wọn, ó sì tọ́ kí a bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan mìíràn tó kù tí àwọn èèyàn náà ń ṣe tọkàntọkàn.

Lọ́jọ́ kìíní, Tomasa ló de wajawaja mọ́ àbúrò rẹ̀ lórí. Paskuala, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́kún, di igbá ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba mú.

"Rọra o," ni Paskuala wí. "Orí tí o fi abẹ fá nígbà tó ní iná orí, òun lo fẹ́ wólẹ̀ fún yìí."

"Dákẹ́, jàre." Tomasa so kókó ìkẹyìn. Ó sún sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. "Kábíyèsí, Ọmọ Oòrùn. Orí yín tóbi ju ti èṣí lọ."

Ẹ̀rín ń pa Anselmu, imú rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dìde, obìnrin," pẹ̀lú ohùn tí Tomasa fúnra rẹ̀ kọ́ ọ. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, tó gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí aṣọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ hun bò ó dé kókósẹ̀. Nígbà tó jáde sí ojúde, àwọn arúgbó bú sẹ́kún, wọ́n ní baba ńlá àwọn ló ń bọ̀ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn mú, sẹ̀kẹ̀tẹ́ ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Inka wà lórí àga gíga ní ẹ̀gbẹ́ òkúta kìíní, èyí tó wà láàárín ojúde, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àgbà Jókòó. Ó ń dá ẹjọ́ àwọn ọkùnrin méjì tó ń jà nítorí iyán ànàmọ́, gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ni àwọn onírùngbọ̀n bá yọ ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lórí ẹṣin, ṣójà mẹ́rìnlá, ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù dúdú wà níwájú wọn.

Ọkọ Paskuala ló máa ń ṣe aṣáájú àwọn onírùngbọ̀n nínú eré, tòun ti irun àgùntàn lágbọ̀n àti igbe bí òbúkọ. Paskuala rò pé òun nìyẹn, kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó na ìka, ó kígbe pé, "Ẹ ti ṣìnà o! Ọ̀la ni tiyín! Ẹ padà lọ mutí!" Gbogbo ojúde bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọdé sáré lọ pàdé ẹṣin náà, wọ́n ń ké bí òbúkọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹṣin àkọ́kọ́ fi tẹ ìkòkò sẹ̀kẹ̀tẹ́ fọ́, tí ọkùnrin ẹlẹ́wù dúdú fi bọ́ fìlà rẹ̀. Don Baltasar ni, ẹni tí wọ́n ní ó lọ sọ́jà ẹṣin. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu wọn níkọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n ń fẹ́ fìtílà pa.

Ajẹ́lẹ̀ ní ògbufọ̀ kan, ọmọ ilẹ̀ bíi tiwọn, tó wá láti ìlú kejì. Ó ní kó sọ fún ọkùnrin tó wà lórí àga pé kó sọ̀kalẹ̀ wá tẹríba.

Anselmu kò dìde. Ó ní, "Sọ fún àlejò rẹ pé mo kí i. Ṣùgbọ́n títí di ọ̀la, ní ìlú yìí, kò sí ẹni tí mò ń tẹríba fún. Bó bá di ọ̀la, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sunkún mi, màá tẹríba fún un, màá tún bá a fọ ẹṣin rẹ̀."

Bó ṣe rí gan-an ló sọ ọ́, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìtumọ̀ tí wọ́n ṣe fún ajẹ́lẹ̀ ni pé ó kọ̀. Wọ́n fà á lórí àga. Wọ́n wọ́ Bàbá Nolasko jáde, wọ́n gba okùn oníkókó ìlú lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kó o lé iná tí wọ́n fi ń yan àgbàdo. Òwú náà jó kíákíá. Nǹkan bí irinwó èèyàn ló wà lójúde yẹn, tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí wọn kò rí nǹkan kan fi ṣe. Bàbá Nolasko kàn ń yí ìka rẹ̀ po, bí ẹni ṣì ń ka kókó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ajẹ́lẹ̀ ní kí wọ́n kéde. Kí Anselmu fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú wajawaja náà lójúde, kó kúnlẹ̀, wọn yóò nà án lẹ́gba ogójì, yóò sì máa lọ sílé. Bí agogo ọ̀sán bá lù tí kò tíì tú u, wọn yóò yẹgi fún un. Kó má sì lanu sọ ọ̀rọ̀ eré kankan. Bó bá sọ ọ́, ikú kan náà ni.

Tomasa lọ sí ojú fèrèsé ilé ìkóǹkansí ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n tì í mọ́. Irin wà lójú fèrèsé náà, ó sì ga, Paskuala ló bẹ̀rẹ̀ tí Tomasa fi gun ẹ̀yìn rẹ̀.

"Anselmu!"

Ó di irin fèrèsé náà mú.

"Anselmu, mo ní kí o tú nǹkan yẹn! Òwú lásán ni. Èmi ni mo pa á láró, mo mọ iye tí mo fi ra aró rẹ̀."

"Ta lò ń pè bẹ́ẹ̀, obìnrin?" ni ó wí láti inú.

"Má ṣe bá mi ṣe eré! Èmi ni mo kọ́ ọ ní eré."

Anselmu sún mọ́ irin, ó rẹ ohùn sílẹ̀, wajawaja náà sì ń fì lójú rẹ̀. "Bí mo bá tú u báyìí, ta ni yóò pe òkúta? Inka ló ń pè wọ́n. Bí kò bá sí Inka, ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n. Lọ́la ni àgùntàn rẹ̀ yóò ti wà nínú ilẹ̀ wa, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí a lè bá a sọ."

"Jẹ́ kí ó kó àgùntàn rẹ̀ wọ̀ ọ́!"

"Ìwọ ni kí o sọ ìyẹn fún Waman Akuya," ló wí. "Èmi kò lè sọ ọ́."

Tomasa sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó lè já irin yẹn, ì bá ti já a. Bó bá lè gba ikú náà, ì bá ti gbà á. Kò lè ṣe ìkankan. Ohun kan ṣoṣo ló lè ṣe láyé, ohun tó ti ń ṣe láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá: ó lè sunkún.

Níbẹ̀ ló ti rí ọ̀nà náà. Ó dìde, ó lọ bá fadá.

"Fadá, ṣé òfin de ẹkún?"

Fadá, arúgbó tí òtútù ti wọ egungun rẹ̀, gbé ojú sókè. "Ẹkún báwo?"

"Wọ́n fẹ́ pa àbúrò mi. Ṣé àwa obìnrin lè sunkún rẹ̀ lójúde?"

"Tomasa, òfin de eré. Ta ló lè fòfin de ẹkún? Ẹ máa sunkún yín. Ọlọ́run á gbọ́."

"Kí Ọlọ́run gbọ́," ni Tomasa wí, "kí Wankapata náà sì gbọ́."

Ó kó àwọn obìnrin jọ, mọ́kàndínlógún ni wọ́n, ó sọ fún wọn pé nínú ẹkún ni òun yóò ti pe òkúta, kí wọ́n máa gbè é lẹ́yìn. Bí òun bá pè wọ́n pé, tí ẹkún sì parí, Inka ti kú nìyẹn gẹ́gẹ́ bí àṣà. Anselmu lè tú wajawaja, kó kúnlẹ̀, kó jẹ ẹgba rẹ̀, kó wà láàyè. Bàbá Nolasko gbọ́, ó fò dìde níbi tó jókòó sí.

"Obìnrin kì í pe òkúta!"

"Bàbá Nolasko, okùn yín ti jóná. Ẹnu ọba wà nínú túbú. Ẹnu ta ló kù? Ẹ sọ fún mi."

Arúgbó náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Má fo ìkankan o. Lẹ́yìn Imú Ẹkùn, Ojú Adágún ló kàn."

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n," ni arúgbó náà wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

Nígbà tí wọ́n mú Anselmu jáde, wọ́n ti ri igi ìyẹgi mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ọba tó ṣófo. Òjìji òkúta Ìyá Àgbà Jókòó ṣì gùn tó ìwọ̀n ọ̀pá méjì lórí ilẹ̀. Òjìji yẹn ni Wankapata fi ń mọ ọ̀sán: bó bá ká sábẹ́ ìdí òkúta, ọ̀sán pé. Àyè wà. Gbogbo wọn rí i pé àyè wà.

Àwọn obìnrin jókòó sílẹ̀, wọ́n tú irun wọn. Tomasa bẹ̀rẹ̀.

"Yéè, Ìyá Àgbà Jókòó, wọ́n ń mú un lọ lójú rẹ!"

"Yéè, lójú rẹ!" ni àwọn obìnrin gbè.

"Yéè, Imú Ẹkùn, òtútù ń mú ọmọ mi!"

"Yéè, ọmọ mi!"

"Yéè, Ojú Adágún, bá mi wò ó, ojú mi kò ríran mọ́!"

Anselmu gbé orí sókè. Ó ti mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe. Àwọn ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n. Ní òkúta karùn-ún, Ìyẹ́ Igún, Don Baltasar yíjú sí ògbufọ̀ rẹ̀. "Kí ni wọ́n ń sọ?"

Ògbufọ̀ náà jẹ́ ọmọ ilẹ̀. Ìlú tirẹ̀ náà ní eré tirẹ̀, wọ́n sì ti pa eré náà rẹ́. Ó wo Tomasa, ó wo ilẹ̀. "Kò sí nǹkan kan, Ọ̀gá. Wọ́n ń pe orúkọ àwọn ìbátan ìyá wọn tó ti kú. Àṣà wọn ni."

"Ó pọ̀ o," ni ajẹ́lẹ̀ wí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo òkúta, ó wo àwọn ọkùnrin tó dúró gbọnrangandan, tí ètè wọn ń mì tẹ̀ lé obìnrin náà, ó sì jọ pé nǹkan yé e. Ó pe ṣójà kan, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Ṣójà náà wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

"Yéè, Ibi Omi Ti Ń Sọ̀rọ̀, bá mi bẹ̀ wọ́n!" Èyí ni ẹ̀kẹjọ. Ni agogo bá lù.

Gbogbo ojúde wo ilẹ̀. Òjìji òkúta ṣì gùn ju ọ̀pá kan lọ. Agogo náà ń parọ́, agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ní ọ̀sán gangan tí kì í ṣe ọ̀sán! Fadá jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn ṣójà di Anselmu mú.

Ohùn Tomasa dá. Òkúta mẹ́ta ló kù. Ó mọ̀ pé bí òun bá fo wọn, bí òun bá kígbe ìkẹyìn nísinsìnyí, àbúrò òun lè tú òwú náà kí ìró agogo tó tán. Ó lanu láti fò wọ́n. Èyí ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe bò mọ́lẹ̀ nígbà tó bá ń ròyìn rẹ̀: Tomasa lanu láti fò wọ́n. Ó wo Anselmu. Wajawaja ń fì lápá ọ̀tún, ó ń fì lápá òsì, nítorí pé ó ń mi orí rẹ̀.

"Yéè, Orí Yìnyín," ni Tomasa ké.

Ẹ̀kẹsàn-án nìyẹn, ó pe ẹ̀kẹwàá. Ó pe ìkẹyìn, Ìlẹ̀kùn Afẹ́fẹ́, pẹ̀lú ohùn tí àwọn tó gbọ́ ọ ní kò jọ ti èèyàn mọ́. Lẹ́yìn náà ló pariwo tí wọ́n fi ń sọ ẹkún náà kalẹ̀. Àwọn ṣójà ti mú Anselmu dé abẹ́ igi. Ó já ọwọ́ kan gbà lọ́wọ́ wọn, ó tú wajawaja, ó fi lé orí àga tó ṣófo, ó kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀, ó tẹ orí ba níwájú Don Baltasar gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti tú u."

Láti ọjọ́ mẹ́ta, ìgbà àkọ́kọ́ tó pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ajẹ́lẹ̀ ní, "Agogo ti lù." Wọ́n sì so ó rọ̀.

Àwọn kan wà tó ń sọ pé bí ẹkún náà bá kúrú ni, ì bá yè é. Ẹ̀tàn! Okùn ti wà lórí igi yẹn láti àárọ̀, wọ́n sì ti fi ọ̀rá pa á. Ẹni tó lè fi ọwọ́ sún ọ̀sán síwájú, kò sí bí ẹ ṣe lè yára tó tí ẹ fẹ́ bá a. Nígbà tí Anselmu ń kú, kò sí ẹni tó sunkún nínú àwọn mọ́kàndínlógún náà. Ẹkún rẹ̀ ti tán. Wọ́n ti ná gbogbo rẹ̀ sórí ọba. Fún ọmọkùnrin náà, kò ṣẹ́ kù. Tomasa jókòó níbi tó jókòó sí, ó ń wo òjìji òkúta tó ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀. Nígbà tó ká sábẹ́ òkúta, tí ọ̀sán tòótọ́ wá pé, ó ní, "Ó tó àkókò báyìí," ó dìde, ó sì lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ òkú náà kalẹ̀.

Kò sí ìṣẹ́gun tí ó tẹ̀ lé e. Don Baltasar àti àwọn tó jẹ ajẹ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ hú òkúta méje láàárín ogún ọdún, wọ́n fi kọ́ ọgbà àgùntàn. Mẹ́rin ló kù fún Wankapata, Ìyá Àgbà Jókòó àti mẹ́ta tó wà lókè pátápátá níbi tí òtútù pọ̀ sí. Tomasa pẹ́ láyé, ọgbọ̀n ọdún gbáko lẹ́yìn ikú Anselmu. Lọ́dọọdún ló ń kó àwọn obìnrin lọ sí ojúde láti sunkún, lọ́dọọdún ni ajẹ́lẹ̀ kan tàbí òmíràn ń ka òfin wò, tí kò sì rí ibi tí wọ́n ti de ẹkún.

Láti ìgbà náà, ọkùnrin kan kò jókòó sórí àga Inka mọ́ ní Wankapata. Òfin tó de eré ti kú, àwọn tó ṣe é náà ti kú, gbogbo ìlú tó yí wọn ká ti ń ṣe eré tiwọn pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ àti ìró fèrè. Ní Wankapata, àga òfìfo ni wọ́n ń gbé jáde, wọn a fi wajawaja lé e. Obìnrin ló ń pe òkúta, ohunkóhun tó bá sì jẹ́ orúkọ obìnrin náà, Tomasa ni wọ́n ń pè é lọ́jọ́ náà. Òkúta mọ́kànlá ló ń pè. Bó bá dé orí mẹ́rin tó kù, ohùn jẹ́ẹ́ ló fi ń pè wọ́n. Bó bá dé orí méje tí wọ́n hú, gbogbo obìnrin ni yóò fi igbe gbè é, kí àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ odò lè gbọ́. Ẹnikẹ́ni kì í lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn òkúta ìkẹyìn, obìnrin náà yóò yíjú sí àga. Yóò ní, "Anselmu, àbúrò mi, tú u." Gbogbo ìlú yóò dúró ní ìdúró, wọn yóò máa wo ilẹ̀ títí òjìji òkúta yóò fi ká sábẹ́ ìdí rẹ̀, kí wọ́n tó lọ sílé.